Ibùba Tí Kì Í Pa Ẹyẹ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ni ó gbà pé ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù, tí ó wọ inú igbó lọ, tí ó sì ba sí abẹ́ ewé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ẹran ni ó ń wá. Bí a bá sọ fún wọn pé àwọn kan wà tí ń ṣe gbogbo wàhálà yìí láìmú ìbọn lọ́wọ́, láìdẹ tàkúté, tí ó jẹ́ pé àwòrán ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń mú bọ̀ wá sílé, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n a bẹ àwọn olóyè wa àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú pé kí wọ́n fi sùúrù gbọ́ tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dá wa lójú pé iṣẹ́ tí a fi ń rẹ́rìn-ín yìí wà lára ohun tí ó lè gba ẹyẹ ilẹ̀ wa lọ́wọ́ ìparun, bí a bá ṣe é bí ó ti yẹ. Bí a kò bá sì ṣe é bí ó ti yẹ, òun pẹ̀lú yóò di ọ̀kan nínú ohun tí ń pa wọ́n.

Kí a kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ti rí. Ẹyẹ inú igbó kì í dúró de ènìyàn. Kí a tó rí i ni ó ti rí wa. Kí a tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sókè ni ó ti fò lọ. Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi ń kọ́ ibùba. Ibùba lè jẹ́ àgọ́ aṣọ kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti koríko. Ó lè jẹ́ ahéré pákó ní etí omi. Ó sì lè jẹ́ pèpéle gíga tí a gbé dojú kọ ìtẹ́ tí ó wà lórí igi. Ihò kan ni a dá sí i lára, níbi tí ojú ẹ̀rọ yóò gbà yọ.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé ibùba sí ẹ̀bá ìtẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà jíjìn ni yóò kọ́kọ́ gbé e sí. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, yóò sún un síwájú díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe títí ẹyẹ yóò fi kà á sí igi tàbí òkìtì ọ̀gán. Àwọn mìíràn a máa ki ìdí ìgò bọ ojú ihò náà ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, kí ojú ẹyẹ lè mọ́ dígí tí ń dán kí ẹ̀rọ gan-an tó dé. Ọgbọ́n kan sì tún wà: ènìyàn méjì ni yóò jùmọ̀ rìn lọ síbẹ̀, ọ̀kan yóò wọ inú ibùba, èkejì yóò sì padà ní gbangba. Ẹyẹ kò mọ ìṣirò. Nígbà tí ó bá rí ẹni tí ń lọ, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a sì padà sórí ẹyin rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó kù nínú ibùba kò gbọdọ̀ wúkọ́, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, bí kòkòrò bá sì jẹ ẹ́, kí ó fara dà á. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A kò mọ iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu ju èyí lọ.

Iṣẹ́ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ayé. Ní ìgbà àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ya ẹyẹ kan bí ó ti rí gan-an, yóò kọ́kọ́ yìn ín níbọn. Audubon, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà nítorí àwòrán ẹyẹ, òkú àwọn ẹyẹ tí a ti yìnbọn pa ni ó ń tò síwájú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí yà wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán dé ni ọ̀nà mìíràn là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan láti Yorkshire, Richard àti Cherry Kearton, wà nínú àwọn aṣáájú. Ní 1895 ni wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí ìtẹ́ àwọn ẹyẹ ilẹ̀ wọn, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni a fi ya àwọn àwòrán inú rẹ̀ níbi tí ìtẹ́ wà gan-an. Wọ́n fi igi àtọwọ́dá ṣe ibùba. Wọ́n tilẹ̀ mú awọ màlúù, wọ́n dá ihò sí inú rẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ bí egúngún ti ń wọ agọ̀, kí àwọn ẹyẹ pápá lè rò pé màlúù ni ó ń jẹko.

Ẹni tí ó bá rò pé eré lásán ni gbogbo èyí, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, àpáta mẹ́ta wà nínú òkun tí a ń pè ní Three Arch Rocks, níbi tí ògìdìgbó ẹyẹ òkun ń yé sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, àwọn ènìyàn a máa wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi láti yin ẹyẹ níbọn fún ìgbádùn lásán, wọn a sì fi òkú wọn sílẹ̀ nínú omi. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, William Finley àti Herman Bohlman, gbé ẹ̀rọ wọn lọ síbẹ̀ ní 1901 àti ní 1903. Àwọn àwòrán tí wọ́n mú bọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Theodore Roosevelt. Ní 1907 ni Ààrẹ náà fi àṣẹ sọ àpáta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ibi ààbò ẹyẹ. Ní 1908 ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún adágún Klamath àti Malheur, níbi tí àwọn ọdẹ ti ń pa ẹyẹ omi nítorí ìyẹ́ wọn. Lára àwọn ẹyẹ náà ni èyí funfun kan wà tí ó jẹ́ ìbátan lékèélékèé wa; ìyẹ́ rẹ̀ ni àwọn obìnrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí fìlà nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ààrẹ kò gun àpáta, kò sì fi ojú ara rẹ̀ rí ìtẹ́ kan níbẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé. Àwòrán ni ó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó ní agbára láti pàṣẹ kì í sábà wà ní ibi tí ohun ti ń bàjẹ́. Ẹni tí ó sì wà níbẹ̀ kì í sábà ní agbára. Ayàwòrán tí ó jókòó nínú ibùba ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà sí ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ìfẹ́ àwòrán lè sọ ènìyàn di ọ̀dájú. Ẹni tí kò ní sùúrù a máa sún mọ́ ìtẹ́ jù, ìyá ẹyẹ a sì sá, ẹyin a tutù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ní irú ilẹ̀ wa yìí, oòrùn lè pa ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó padà. Ẹlòmíràn a gé ewé tí ó bo ìtẹ́ kúrò kí àwòrán rẹ̀ lè mọ́. Kò mọ̀ pé ọ̀nà ni òun là fún àṣá àti ejò. Ẹ̀rọ ayàwòrán inú tẹlifóònù tí gbogbo wa ń mú kiri ń dá kún ewu yìí, nítorí kò lè rí ọ̀nà jíjìn dáadáa. Ẹni tí kò ní òmíràn a fẹ́ na ọwọ́ kan ìtẹ́ kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Irú ayàwòrán bẹ́ẹ̀ kò sàn ju ọmọ tí ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ kiri lọ.

Nítorí náà ni àwọn tí iṣẹ́ yìí gbó sí lọ́wọ́ fi gbé òfin kan ka iwájú gbogbo òfin: àlàáfíà ẹyẹ ṣáájú àwòrán. Bí a bá rí i pé ẹyẹ kò padà sí ìtẹ́, kí a kó ẹrù wa kí a máa lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1981 kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti yọ àwọn ẹyẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n lẹ́nu ní ìdí ìtẹ́ wọn láìgba ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe nítorí àwòrán. Ní Nebraska ní Amẹ́ríkà, ní etí odò Platte, ibi ààbò kan wà tí a ń pè ní Rowe Sanctuary, èyí tí ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ orúkọ Audubon yẹn ń tọ́jú. Ní ìgbà ìrúwé, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí wọ́n ń pè ní sandhill crane a máa sọ̀ sí àgbègbè odò náà, iye wọn sì ju 500,000 lọ. Ayàwòrán tí yóò sun inú ibùba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọlé kí àwọn ẹyẹ tó dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò gbọdọ̀ jáde títí wọn yóò fi fò lọ ní òwúrọ̀. Kò sì gbọdọ̀ tan iná kankan. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, tí wọ́n fò dìde nínú òkùnkùn, wọ́n lè fi ara gbá wáyà iná kí wọ́n sì kú. Bí ibi ààbò ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn: ènìyàn ni a há mọ́ inú ilé, ẹyẹ ni ó wà ní òmìnira.

Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun ni pé kí a ṣàánú ìtẹ́. Nínú ìwé Deuteronomi orí 22, a kọ̀ ọ́ fún ọmọ Ísírẹ́lì tí ó bá pàdé ìtẹ́ ẹyẹ lọ́nà láti mú ìyá pẹ̀lú ọmọ. Àwọn ọdẹ wa pẹ̀lú mọ ìgbà tí ẹran ń bí, àgbà ọdẹ kì í sì fi ojú rere wo ẹni tí ń pa abo tí ó lóyún.

Bí a ti dárúkọ àwọn ọdẹ wa yìí, ó tó àkókò kí a padà wá sílé. Àwọn kan yóò wí pé àṣà òyìnbó ni a fẹ́ gbé wọ ìlú. Kí ni ẹ̀gùn, bí kì í bá ṣe ibùba? Kí òyìnbó kan tó gbé ẹ̀rọ dé etí òkun wa ni àwọn baba wa ti ń so igi mọ́ igi, tí wọ́n ń gun orí ẹ̀gùn lọ ní òru, tí wọ́n mọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí wọ́n mọ ibi tí ẹyẹ ń wọ̀ sí àti ìgbà tí èso tí ó ń jẹ ń pọ́n. Ìmọ̀ tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ ibùba wà lọ́wọ́ ọdẹ wa. Ohun tí a ń mú bọ̀ láti inú rẹ̀ ni ó kù tí a óò yí padà.

Ó sì yẹ kí a tètè yí i padà. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wa rántí ìgbà tí igún ń bà sórí òrùlé ní ọjà àti ní ilé ìpẹran, tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ìyanu. Lónìí, ẹni tí ó bá rí igún kan ní ìlú ńlá yóò pe ọmọ rẹ̀ wá wò ó. Ní 2015 ni àjọ àgbáyé IUCN, tí ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tí ewu wu, fi irú igún tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú wa yìí sí ipò àwọn tí wọ́n súnmọ́ ìparun jù lọ; májèlé àti òwò orí rẹ̀ fún oògùn wà lára ohun tí ó fà á. Odídẹ ńkọ́? Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n sì fi ẹnu kò láti fi òpin sí títà odídẹ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, nítorí bí a ti kó o tó. Bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ ìrù odídẹ ni ìkóóde. Ẹ̀yin olóyè wa ni ẹ mọ ohun tí ìkóóde jẹ́ nínú oyè àti nínú orò ju àwa lọ. Ẹ̀yin ni ẹ sì mọ̀ pé ẹyẹ ni ó wà lórí adé àwọn ọba wa. A kò lè máa fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ẹyẹ sí orí adé, kí a sì jẹ́ kí ẹyẹ tán nínú igbó tí ó yí ààfin ká.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a wà, a máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa agbe, àlùkò àti lékèélékèé. Kò sí ẹni tí kò lè fi wọ́n súre bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ẹni tí ó ti fi ojú rí agbe rí, ọwọ́ tí ń gbéra sókè kì í pọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́ ọmọ wa ní èdè Yorùbá lọ́la. Orúkọ ẹyẹ tí a kò rí mọ́ kì í pẹ́ di orúkọ tí a kò mọ̀ mọ́, òwe tí a fi pa á a sì di ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀.

Ẹyẹ kan tilẹ̀ wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn nínú ìwé àwọn onímọ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn kò mọ̀. Ìbátan ẹ̀gà ni. Dúdú ni ara rẹ̀, orí àti àyà akọ rẹ̀ sì pupa. John Elgood ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ayé ní 1958. Ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà yìí nìkan ni ó wà ní gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti mọ̀ ọ́n ni igbó tí àjọ IITA dá sí ní Ìbàdàn, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Bí ẹyẹ yìí bá tán lọ́dọ̀ wa, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí a óò ti lọ yá a.

A kò wí pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe nǹkan. Ní 1980 ni Olóyè S. L. Edu dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀, àjọ náà sì ni ó ni ibi ààbò Lẹ́kí ní Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, níbi tí a ti kọ́ ibùba fún wíwo ẹyẹ. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì wà, hẹ́kítà 75, tí UNESCO kọ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Oníwàásù ni wá, a kò sì fi ohun tí a gbàgbọ́ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ a kò lè sẹ́ pé èèwọ̀ ni ó dá igi àti ẹyẹ ibẹ̀ sí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, èèwọ̀ ti dẹ̀, igbó sì ti bá a lọ, nítorí a kò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ibi ààbò tí ìlú fi ohùn kan yà sọ́tọ̀, tí ó ní ibùba, tí ó ní olùṣọ́, tí ọmọ ìlú lè wọ̀ láti wo ohun tí a dá sí, ni ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà lè jùmọ̀ ṣe é láìbá ara wọn jà.

Àtakò kan wà tí a kà sí gidi: ẹni tí ebi ń pa kò lè jẹ àwòrán. Ọdẹ ní ìyàwó, ó ní ọmọ, kò sì yẹ kí a gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ kí a sì fi ìmọ̀ràn rọ́pò oúnjẹ rẹ̀. Ìdáhùn wa ni pé kí ìlú fi ọdẹ gan-an ṣe olùṣọ́ ibi ààbò, kí ó sì máa gba owó rẹ̀. Òun ni kí ó kọ́ ibùba, òun ni kí ó mú àlejò dé ibẹ̀. Kí owó tí àlejò bá san má sì kọjá sí àpò ẹni tí kò mọ ọ̀nà igbó. Ní ti ilẹ̀, àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kan ara. Kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni ni a ní kí a gbà. Ìgbẹ́ etí odò tí kò dára fún iṣu, tàbí igbó àtijọ́ tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìlú, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ń tọrọ kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí ọba tàbí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí igbó bá ṣẹ́kù ní ilẹ̀ rẹ̀ yan apá kan, kí ó fi òfin ìlú sọ pé a kò ní dẹ ọdẹ níbẹ̀, a kò sì ní gé igi rẹ̀. Èkejì, kí àwọn olùkọ́ mú ọmọ lọ sí ibùba, ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú wò, kí wọ́n fi etí gbọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n rí sí ìwé ní èdè Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ; imọ̀ ọ̀pẹ àti ẹní lásán tó láti fi kọ́ irú ibùba bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó dára má ṣe fi àwòrán rẹ̀ pamọ́ sílé fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Kí ó gbé e lọ sí ààfin, kí ó gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì fi han àwọn aṣòfin, kí ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí bí ti Oregon ti ṣe.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ojú ọ̀nà igbó ń mọ́, tí ẹyẹ sì ń pọ̀ ní etí omi. Kí ìlú kan bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, kí ó sì kọ orúkọ àwọn ẹyẹ tí ó rí ránṣẹ́ sí ìwé yìí. Inú wa yóò dùn láti tẹ̀ ẹ́ jáde.